Kí Orí Ọmọ Tuntun Má Baà Wọ́: Àyẹ̀wò Ìṣòro Fọ́ǹtì àti Ipò Àmì Ohùn lórí Ojú-Ìwé Yorùbá ní Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni kí ó yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí ó sọ ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù sí. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣe èyí, ọ̀rọ̀ náà ní láti wà lójú ìwé gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́. Bí ojú-ìwé bá ti yí ọ̀rọ̀ padà kí ó tó dé ọwọ́ òǹkàwé, ohun tí òǹkọ̀wé kò sọ ni a ó máa dá a lẹ́jọ́ lé lórí. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyí. A fẹ́ fi hàn pé ìṣòro fọ́ǹtì lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan àwa tí a ń kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni àmì ohùn wa ti ń sọnù.

Fọ́ǹtì ni àkójọ àwòrán lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò láti kọ ọ̀rọ̀ sójú ìwé. Kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò ìdílé Unix, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni a fi yàn án. Èkíní ni pé ọ̀fẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní ọjà Alábà lè fi Linux sí i láìsan kọ́bọ̀. Èkejì ni pé ìgbésẹ̀ tí ètò náà ń gbé láti yan fọ́ǹtì kò fara sin. A lè bi í ní ìbéèrè, yóò sì dáhùn.

1.1 Ohun tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń gbé ní Ìbà kọ iṣẹ́ lórí ìfọ̀rọ̀dárà nínú òwe. Òun fúnra rẹ̀ ni ó táípù iṣẹ́ náà, ó sì fi gbogbo àmì sí i. Ó gbé e sínú fúláàṣì, ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkòkòmáíkò níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé jáde. Iná kò sí lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, èrò sì pọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Kò rí àyè yẹ ewé kọ̀ọ̀kan wò.

Nígbà tí a jókòó láti gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀, òwe kan wà lójú ewé kejì tí gbogbo wa mọ̀: Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lórí bébà tí ó wà lọ́wọ́ wa, àmì ohùn òkè tí ó yẹ kí ó wà lórí fáwẹ̀lì ìkẹyìn ti yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó ti lọ gúnlẹ̀ sórí àmì ìdánudúró. Bákan náà ni ó rí láti òkè dé ilẹ̀ ewé náà: ibikíbi tí ọ tàbí ẹ bá ti ní ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀, àmì rẹ̀ ti yẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó wà níjòkòó wò ó títí, ó ní, “Ìwọ tí o ń kọ̀wé lórí ohùn, o kò mọ ohùn í fi sí ọ̀rọ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ náà dọ̀bálẹ̀, kò rí nǹkan sọ. Ẹ̀rí tí ó yẹ kí ó gbè é ni ó ń ta kò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé òwe náà fúnra rẹ̀ ni ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Orí lẹ́tà ni ó wọ́, àgbà sì wà lọ́jà. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni ó jẹ́ kí ó wọ́?

2.0 Àmì ohùn àti ẹ̀rọ kí kọ̀ǹpútà tó dé

Ìjà láàárín ohùn Yorùbá àti ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí Henry Townsend sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ni ọ̀rọ̀ ohun tí a ó fi sábẹ́ lẹ́tà àti ohun tí a ó fi sórí rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ ní 1965, ìgbìmọ̀ jókòó ní 1966, àkọtọ́ tí à ń tẹ̀lé lónìí sì gba àṣẹ ìjọba ní 1974.

Gbogbo ìpàdé wọ̀nyí sọ ohun tí ó yẹ kí a kọ. Wọn kò lè sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò gbà. Ẹ̀rọ táípù tí ó wà ní ọ́fíìsì ní àkókò náà kò ní ẹ, ọ àti ṣ, áḿbọ̀sìbọ́sí àmì ohùn. Ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń ṣe ni pé akọ̀wé á táípù ọ̀rọ̀ lásán, olùkọ́ á wá fi bírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ń pọ̀, ṣùgbọ́n ànfààní kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ọwọ́ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni ó ń fi àmì sí i. Bí àmì bá ṣì, òun ni ó ṣì í. Kọ̀ǹpútà ti gba bírò lọ́wọ́ wa, ó sì ti fi ẹlòmíràn tí a kò mọ̀ sáàárín òǹkọ̀wé àti òǹkàwé.

3.0 Aṣọ àyálò

Kí a tó lè mọ ìdí tí àmì fi ń yẹ̀ lórí àwọn lẹ́tà kan tí kì í yẹ̀ lórí àwọn mìíràn, a ní láti mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ètò nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń lò ni Unicode, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991.

Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní. Bí a bá fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ní mẹ́rìnlá. Mẹ́wàá nínú wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó kó lẹ́tà àti àmì pọ̀: á, à, é, è, í, ì, ó, ò, ú, ù. Kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n fi ní in. Faransé, Sípéènì, Ítálì àti àwọn ará Yúróòpù mìíràn ni ó nílò wọn, àwa sì bá wọn pín in. Ẹ àti ọ lásán ní nọ́ńbà tiwọn, nítorí pé èdè Vietnam ń fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń fi lẹ́tà Látìn kọ èdè Íńdíà àti Lárúbáwá ń lo ṣ. Àwọn ará Pólàǹdì ni wọ́n ni ń. Ìlànà fífi lẹ́tà Látìn kọ èdè Ṣáínà ni ó sì jẹ́ kí ǹ wọlé.

Mẹ́rin tí ó kù nínú mẹ́rìnlá náà ni ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀. Kò sí èdè ńlá kan tí ó nílò wọn tí a lè bá pín in, nítorí náà wọn kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bí a bá ka lẹ́tà ńlá mọ́ wọn, wọ́n di mẹ́jọ nínú méjìdínlọ́gbọ̀n. Báyìí náà ni ti m̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ḿ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó lè kọ ọ́, nọ́ńbà méjì ni a ó fún un: 1ECD tí í ṣe ọ, àti 0301 tí í ṣe àmì ohùn òkè tí ń gun orí lẹ́tà tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìlànà Unicode kò sì gbà mọ́ pé kí a fún lẹ́tà tí a lè tò báyìí ní nọ́ńbà tuntun, nítorí pé yóò da ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ rú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Níbi tí Yorùbá bá ti wọ aṣọ àyálò, ojú-ìwé ń gbè é. Níbi tí ó bá ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí Yorùbá, ibẹ̀ ni orí ti ń wọ́. Ìdí nìyí tí ewé akẹ́kọ̀ọ́ wa fi gbé àgbà dáadáa tí ó sì ba wọ́ jẹ́.

4.0 Bíbi ojú-ìwé ní ìbéèrè

Àwa àti akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sí Òkòkòmáíkò. Ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù gbà wá láyè láti wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó jẹ́ Linux pẹ̀lú. Ìbéèrè márùn-ún ni a bi ojú-ìwé náà ní títẹ̀léra. A ṣe é bí ẹni tí ń wádìí ẹ̀dà ìwé àfọwọ́kọ: a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi títí a fi mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé.

4.1 Ǹjẹ́ àmì náà wà nínú ọ̀rọ̀ tí a táípù?

Nínú LibreOffice, bí a bá gbé ojú atọ́ka sí ẹ̀yìn lẹ́tà tí a sì tẹ Alt àti X pọ̀, nọ́ńbà lẹ́tà náà yóò jáde. A ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wọ́. 1ecd àti 0301 ni a rí. Èyí tó láti dá akẹ́kọ̀ọ́ náà láre. Ohun tí ó kọ tọ̀nà.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ojú lè tàn wá ní ìpele yìí. Àwọn kan a máa lo àmì kékeré gbọọrọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0329 sábẹ́ lẹ́tà, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ti ṣe, dípò tóótó 0323. Ní ojú, wọ́n jọra. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ẹni tí ó bá wá ọ̀kan kò ní rí èkejì.

4.2 Ǹjẹ́ fọ́ǹtì tí òǹkọ̀wé dárúkọ wà lórí ẹ̀rọ?

Charis SIL ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fi táípù. Àṣẹ fc-list ni ó ń ka gbogbo fọ́ǹtì tí ó wà lórí ẹ̀rọ. A pè é. Charis SIL kò sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti da fọ́ǹtì náà sínú àpò .local/share/fonts ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ kò rí i, fc-cache -f ni à bá fi jí i.

4.3 Ta ni ó rọ́pò rẹ̀?

Ètò tí ń yan fọ́ǹtì lórí Linux ni fontconfig, tí Keith Packard bẹ̀rẹ̀. Ìwà rẹ̀ kan ni pé kì í sọ pé kò sí. Bí a bá béèrè ohun tí kò ní, yóò fún wa ní ohun tí ó rò pé ó sún mọ́ ọn, kò sì ní wí fún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ fc-match "Charis SIL", yóò dárúkọ arọ́pò náà. Èyí tí ó dárúkọ yà wá lẹ́nu: fọ́ǹtì ẹlẹ́wà kan tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ni. A wo fáìlì fonts.conf tí ó wà lábẹ́ .config/fontconfig. Ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé fọ́ǹtì náà ni kí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ mú nígbàkígbà tí èyí tí a béèrè kò bá sí. Oníṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan tí ó ti lọ ni ó ṣe é.

4.4 Ǹjẹ́ arọ́pò náà mọ ibi tí àmì ń jókòó sí?

Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé níbẹ̀ ni lámèyítọ́ ti ní ohun tí yóò bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sọ. Nínú fontconfig, fáìlì kan wà fún èdè Yorùbá, yo.orth ni orúkọ rẹ̀. Ó to àwọn lẹ́tà tí èdè náà nílò. Bí a bá kọ fc-list :lang=yo, ẹ̀rọ yóò ka gbogbo fọ́ǹtì tí ó ní àwọn lẹ́tà náà. Ó dùn mọ́ni pé wọ́n rántí wa. Síbẹ̀, ìdáhùn náà kò kún tó. Ohun tí ó ń sọ ni pé fọ́ǹtì yìí ní ọ, ó sì ní àmì ohùn. Kò sọ bóyá fọ́ǹtì náà mọ bí àmì yóò ṣe gun orí ọ. Inú àtẹ mìíràn nínú fọ́ǹtì, èyí tí wọ́n ń pè ní GPOS, ni ìmọ̀ yẹn wà. HarfBuzz ni ó ń kà á, tí ó sì ń gbé àmì sí ipò rẹ̀. Fọ́ǹtì lè ní gbogbo lẹ́tà kí ó má ní ìmọ̀ yìí.

Ohun tí fontconfig gbà pé èdè jẹ́ ni àkójọ lẹ́tà, bí ẹni tí ń ka ìsáná inú páálí. Ṣùgbọ́n kíkọ Yorùbá kì í ṣe àkójọ. Ìbáṣepọ̀ láàárín lẹ́tà, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àti ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ní ìyáàlù, omele àti gúdúgúdú nínú ilé kò tíì di onílù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ fọ́ǹtì tí ó dára kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn lang=yo parí ìwádìí. Kí ó kọ ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀, m̀ àti lẹ́tà ńlá wọn, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Charis SIL, Doulos SIL àti Gentium, tí àjọ SIL ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, yege nínú ìdánwò yìí lọ́dọ̀ wa.

4.5 Ǹjẹ́ fọ́ǹtì bá ìwé rìn?

Fáìlì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé lọ kò kó fọ́ǹtì dání. Orúkọ fọ́ǹtì nìkan ni ó gbé lọ. Ó dà bí ẹni tí ó rán ọmọ sí ọjà pẹ̀lú orúkọ ọbẹ̀, tí kò fún un ní ìkòkò. Bí ó bá ti sọ ọ́ di PDF nílé, fọ́ǹtì ì bá bá a lọ. Àṣẹ pdffonts ni ó ń fi èyí hàn: níbi tí ó bá kọ emb, a gbọ́dọ̀ rí yes níwájú fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà àbáyọ kò le lẹ́yìn èyí. A fi Charis SIL sí ẹ̀rọ oníṣọ́ọ̀bù. Fonts-sil-charis ni orúkọ rẹ̀ nínú àká Debian àti Ubuntu. A yí fonts.conf padà kí ó jẹ́ pé òun ni ẹ̀rọ yóò máa kọ́kọ́ fi ṣe arọ́pò, a sì pe fc-match lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó gbà pé iṣẹ́ parí. A tẹ ewé kejì náà jáde lójú ẹsẹ̀. Orí ọmọ tuntun gún.

5.0 Àríyànjiyàn méjì

Àwọn kan yóò ní kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún. Ìwé ìròyìn kò fi àmì sí ọ̀rọ̀, àwa sì ń kà á. Gbólóhùn yóò tú ara rẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀ fún ìròyìn ọjà. Ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbi tí gbólóhùn kò ti lè tú ara rẹ̀. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé tí ó kọ lórí ewì alohùn ní 1984, fi hàn pé fífi ohùn dojú kọ ohùn jẹ́ ọ̀nà èdè pàtàkì nínú ewì Yorùbá. Bí akéwì bá sọ pé ogún tí ogun fi sílẹ̀, Ògún ni ó ni ín, kò sí ohun tí ó kù nínú ọ̀rọ̀ náà bí a bá yọ ohùn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀, fọ́ǹtì tí kò mọ̀kan yóò sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, bí òǹkọ̀wé tilẹ̀ ti fi àmì sí i. A óò wá jókòó, a óò kọ̀wé pé akéwì náà kò ní ọgbọ́n ìfọ̀rọ̀dárà.

Àríyànjiyàn kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti mọ́ wa lára láti sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò gba Yorùbá. Èyí kì í ṣe òótọ́ mọ́. Nọ́ńbà wà, fọ́ǹtì wà lọ́fẹ̀ẹ́, àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá sì wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú Linux. Ẹni tí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sá sábẹ́ fọ́ǹtì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a bi ojú-ìwé ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀: bí àmì kò bá sí nínú ọ̀rọ̀ tí a táípù, òǹkọ̀wé ni ó jẹ̀bi, bí ó bá wà níbẹ̀ tí kò sì dé orí bébà, a kò lè dá òǹkọ̀wé lẹ́bi.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé àṣìṣe tí a rí lórí ewé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní gbòǹgbò tí ó jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ó gba ọ̀dọ̀ ètò tí ń fi fọ́ǹtì rọ́pò fọ́ǹtì láìsọ̀rọ̀ kọjá, ó sì parí sí ṣọ́ọ̀bù kan tí ìwé ìpè ìgbéyàwó ti ń mówó wọlé ju iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó fẹ́ ṣe Yorùbá ní ibi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí iyàrá ìjókòó wa. Ní 2018, Gómìnà Akínwùmí Ambọ̀dé fọwọ́ sí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ní kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò tẹ ìbéèrè ìdánwò, irú ṣọ́ọ̀bù báyìí ni ọ̀pọ̀ wọn yóò sì ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí ó bá ka ọkọ̀ tí wọ́n tẹ̀ bí ọkọ yóò gba òdo, kò sì ní mọ ohun tí ó ṣẹ̀.

Àbá wa kò pọ̀. Kí ẹ̀ka wa yan fọ́ǹtì kan tí ó yege, kí ó sì wà lórí gbogbo ẹ̀rọ wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbé iṣẹ́ lọ fún títẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti sọ ọ́ di PDF, tí ó sì ti fi pdffonts yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ó kẹ́yìn kan àwa tí a ń dájọ́: kí a tó sọ pé ẹnì kan kò mọ ohùn, kí a béèrè fáìlì rẹ̀. Àgbà tí ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ka ewé kejì tí a tún tẹ̀. Ó fi ìka tọ orí wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun kò tíì gbọ́ ọ.